Májèlé Tó Ń Jọ Ibà

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ní Adó-Èkìtì

Èkìtì Kete, mo kí yín o. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ wà níjòkòó, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìntì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi òwúrọ̀ Sátidé yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ṣeun. Ẹ ní kí n wá sọ bí a ṣe ń ṣe aṣíwájú ẹgbẹ́ aráàlú tó ń gbógun ti májèlé inú omi, inú ilẹ̀ àti inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Láti ìgbà tí ẹ ti ránṣẹ́ sí mi, ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn: ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya tí mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mo mú un wá. Òun nìyí lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́, àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ilẹ̀ Èkìtì níbí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì, àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọmọ wá tí inú ń run. Ọmọ ò fẹ́ jẹun, ìgbẹ́ ò lọ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀. Ìyá mìíràn á ní ọmọ òun ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó kàn dákẹ́ ni. Kí la kọ sínú káàdì? Ibà. A fún un lóògùn ibà, ó lọ sílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ó tún dé. A tún kọ ibà. Ìyá àgbà kan fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ọwọ́ ayé ni." Mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí èmi kọ sàn ju èyí tí òun sọ lọ? Ọwọ́ èmi yìí ló kọ "ibà" síwájú orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Lọ́jọ́ kan mo ra ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọ tó ń tajà lẹ́nu géètì wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé sí i. Ojúlé wo? Lẹ́yìn ilé ta ni? Níbo lẹ ti ń pọnmi? Kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe? Kí oṣù yẹn tó parí, mo rí i pé méje nínú wọn ló ń gbé lójú ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo, lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì.

Mo gba ibẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọkùnrin kan jókòó lórí rímù ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bátìrì ọkọ̀, ó ń fi àdá là á lórí bí ẹni ń la àgbọn. Ó da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà. Ó kiwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń fa àwọn awo òjé yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n wọ́n, ó ń tò wọ́n sórí páànù. Eruku tó ń bọ́ lára wọn dà bí eérú àná. Ó bu búrẹ́dì jẹ láàárín, kò fọwọ́. Àárín òjò la wà o, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló tutù mìnìjọ̀, ṣùgbọ́n níwájú rẹ̀, ilẹ̀ kan wà tó fẹ̀ tó ẹní méjì tí ewé kan ò hù níbẹ̀. Nígbà tó ṣíwọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò lè ju ọmọ ọdún méjì lọ, sáré jáde wá pàdé rẹ̀. Ó gbé e, ọmọ náà sì fi ojú ra ẹ̀wù bàbá rẹ̀, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe. Orúkọ ọmọ náà ti wà nínú ìwé mi kí n tó débẹ̀.

Òjé, tí òyìnbó ń pè ní lead, ló pọ̀ jù nínú bátìrì ọkọ̀. Òjé kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa, àwọn olórìṣà ti ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ láti ayébáyé. Ohun tí eruku rẹ̀ ń ṣe fún ọmọdé ni ojú lásán ò lè rí. Ara ọmọ ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kálísíọ̀mù tí eegun ń jẹ, á sì gbà á wọlé tọwọ́tẹsẹ̀. Bí àgbàlagbà àti ọmọdé bá gbé ìwọ̀n òjé kan náà mì, èyí tó ń wọ ara ọmọdé lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Á lọ sápamọ́ sínú eegun fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí obìnrin bá sì lóyún, ó lè kúrò nínú eegun ìyá bọ́ sára ọmọ inú. Ọpọlọ ọmọ ló ń bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè ní kò léwu.

Ẹ rántí Zamfara ní 2010. Ní àwọn abúlé bíi Yargalma àti Dareta, wọ́n ń wa wúrà, wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ wálé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọkà lọ̀ ọ́ nínú àgbàlá. Òjé wà nínú òkúta náà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí kú, àwọn òbí sì ń pè é ní ibà. Ìgbà tí àwọn dókítà Médecins Sans Frontières rí i pé ikú ọmọ ti pọ̀ jù, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ni àṣírí tó tú. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Bagega tí wọn ò rí ilẹ̀ rẹ̀ fọ̀ mọ́ títí di 2013, nítorí owó tó yẹ ká fi ṣe é ò tètè jáde. Àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń dúró, torí kò sí dókítà tó lè fa òjé kúrò lára ọmọ tó ń padà lọ sùn sórí eruku kan náà lálaalẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ aṣíwájú ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi. Májèlé kì í wọlé kó ní òun ni májèlé. Aṣọ ibà ló ń wọ̀, tàbí aṣọ ọwọ́ ayé, tàbí aṣọ àyànmọ́. Ìdílé kan ṣoṣo ò lè bọ́ aṣọ yẹn lára rẹ̀, bó ti wù kí ìyá ọmọ gbọ́n tó, nítorí ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń rí. Àfi kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn kìíní, kó kan ìkejì, kó dé ìkeje, kó wá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni aṣíwájú, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fi í joyè.

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀, Lois Gibbs. Ìyàwó ilé ni ní 1978, ọmọ ọdún 27, ní ìlú Niagara Falls ní ìpínlẹ̀ New York. Àdúgbò tó ń gbé ń jẹ́ Love Canal. Láàárín 1942 sí 1953, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ti da pàǹtí olóró tó lé ní 20,000 tọ́ọ̀nù sínú kòtò kan níbẹ̀. Wọ́n fi ilẹ̀ bò ó, wọ́n sì ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ iléèwé ní dọ́là kan. Dọ́là kan! Wọ́n kọ́ iléèwé síbẹ̀, ilé sì yí i ká. Ọmọkùnrin Lois wọ iléèwé náà, wárápá sì bẹ̀rẹ̀ sí mú un. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e lọ síléèwé mìíràn, wọ́n kọ̀. Ló bá mú ìwé, ó ní òun á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó kàn, kò sẹ́ni tó dáhùn, ojú sì tì í, ó sá padà sílé. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹni tó mi ìjọba Amẹ́ríkà tìtì sá fún ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ó tún padà jáde ṣá.

Ó ń kọ àìsàn ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó ń fi àmì sí orí máàpù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí: àwọn àmì náà ò yí kòtò náà ká bí èèyàn ṣe lè rò, ńṣe ni wọ́n tò bí okùn. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ ládùúgbò ló tú u. Wọ́n ní odò kéékèèké kan ti ń ṣàn gba ibẹ̀ rí kí wọ́n tó dí i, kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ojú ipa odò àtijọ́ ni májèlé ń gbà lábẹ́ ilẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Beverly Paigen, bá a tò ó kó yéni. Àwọn aláṣẹ ní àkọsílẹ̀ ìyàwó ilé lásán ni, kò wúlò. Ṣùgbọ́n ní oṣù August 1978, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kúrò níbẹ̀, Ààrẹ Jimmy Carter sì kéde ibẹ̀ pé ó wà nínú pàjáwìrì. Nígbà tó fi di 1980, ààyè ti ṣí fún àwọn yòókù láti kó lọ, ìdílé tó lé ní 800 lápapọ̀. Ìparí ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Superfund, pé ẹni tó bá da májèlé sílẹ̀ ni yóò san owó fífọ̀ ọ́. Ní 1981, Lois dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Center for Health, Environment and Justice. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe láti lọ bá àdúgbò kan jà fún wọn. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe kó ara wọn jọ, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ gbọ́ ti àwọn àgbà yẹn. Ta ló tún mọ ibi tí odò ń gbà ní Adó yìí kí símẹ́ńtì tó dé? Ta ló mọ gbogbo ẹ̀ka tó ń wọ odò Ureje nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí ẹ ń lọ dọdẹ akàn? Ìmọ̀ yẹn ń bá yín lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú un lọ láìsọ.

Ẹ má sì ní ti òyìnbó ni. Phyllis Omido ní Mombasa, ní Kẹ́ńyà, òṣìṣẹ́ ni ní 2009 nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò àwọn tálákà tí wọ́n ń pè ní Owino Uhuru. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n wo ibà, wọ́n wo táífọ́ọ̀dù. Òjé ni. Ọmú tó ń fún un ló gbà wọlé. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ inú Owino Uhuru lọ, àyẹ̀wò sì fi hàn pé òjé wà lára ọmọ àwọn ẹlòmíràn náà. Wọ́n mú un ní 2012, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó ń dá rúkèrúdò sílẹ̀, ilé ẹjọ́ dá a láre. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 2014. Ní 2020, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn ará àdúgbò náà, bílíọ̀nù 1.3 ní owó ṣílè ti Kẹ́ńyà. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún di fàá-ká-já-a, àfi ní December 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó fìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀. Ẹ ka ọdún yẹn lọ́wọ́ yín. Ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti ń lọ iléèwé gíríámà kí ó tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú ẹgbẹ́ wa níbí rí, àti àṣìṣe wa.

Ẹ̀rù ló ba àwọn ìyá kọ́kọ́. Ìyá kan ní, "Ẹ má kọ orúkọ ọmọ mi o, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la tí wọ́n bá gbọ́ pé orí rẹ̀ ò pé?" Mi ò lè dá a lẹ́bi. Láti ọjọ́ yẹn la ti fi òfin de ara wa pé a ò ní ka orúkọ ọmọ kankan sétí ìgboro, a ò ní ya fọ́tò ọmọ kankan fún ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ìwé yìí wà lọ́wọ́ mi, ẹ ń rí i, mi ò ní ṣí i. Àwọn aṣíwájú kan ń gbé ọmọ aláìsàn kiri bí ẹni gbé àwòrán. Ó máa ń dùn mí dé eegun.

Àṣìṣe ńlá wa ni ti ọmọkùnrin tó ń la bátìrì. Inú bí wa. A lọ bá a pẹ̀lú ariwo, àwa bí ogún, a pè é ní apànìyàn lójú ìyàwó rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹrù lóru. Àtẹ́wọ́ la ń pa. Oṣù kejì la gbọ́ pé ẹ̀yìn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n kó lọ, létí odò. A ti lé májèlé kúrò lọ́dọ̀ tiwa lọ bá ọmọ ẹlòmíràn, ilẹ̀ tiwa tí ewé ò hù sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Sísọ ni wọ́n ní ká sọ fún un, wọn ò ní ká lé e jáde. Èmi nìkan ni mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Mo bi í léèrè ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ rárá pé iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ọmọ náà ló ń ṣe é. Ó sunkún. A jọ ṣírò èrè rẹ̀: bó bá ta bátìrì lódindi fún àwọn tó ń rà á, owó tó ń pàdánù ò tó nǹkan. Ó ń tà á lódindi báyìí. Ó ń bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀ níta kó tó gbé ọmọ. Òun ló sì ń mú wa lọ bá àwọn yòókù, nítorí wọ́n á gbọ́ tirẹ̀ ju ti nọ́ọ̀sì arúgbó lọ.

Inú oko náà ńkọ́? Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó rántí Gàmálì, tí wọ́n ń fi pa kòkòrò lára kòkó, tí àwọn kan tún ń dà sódò láti fi pa ẹja. A fi í sílẹ̀, òmíràn dé. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ní kí oògùn apakoríko tó ń jẹ́ paraquat kúrò lọ́jà láti January 1, 2024, kí atrazine, apakoríko mìíràn, náà kúrò láti January 1, 2025. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ńkọ́? Mo ti rí kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko tí wọ́n fi yanrìn àti ọṣẹ fọ̀ títí tó fi ń dán, tí wọ́n rọ epo pupa kún, tí wọ́n gbé e lọ sọ́jà. Obìnrin tó ń ta epo náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kẹ́ẹ̀gì tuntun wọ́n ni.

Mo ní ẹjọ́ tèmi náà láti rò. Nígbà tí a ń kan ilẹ̀kùn kiri, ọmọbìnrin kan nínú wa, onídìrí ni, bi mí pé, "Màmá, ilé yín ńkọ́?" Mo ní kí ni ilé mi fẹ́ ṣe? A wọlé. Ọmọ ọmọ mi wà lórí ẹní, tìróò yí ojú rẹ̀ ká, dúdú mìnìmìnì. Èmi ni mo lé e fún un, bí ìyá mi ṣe lé e fún mi. Ọ̀pọ̀ tìróò tí à ń rà lọ́jà, òkúta òjé ni wọ́n lọ̀. Ní 2012, àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ọmọ ọwọ́ kan tí òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀, tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Ọmọ náà á fọwọ́ ra ojú, á fi ọwọ́ sẹ́nu. Mo ti ń sọ̀rọ̀ òjé káàkiri fún nǹkan bí ọdún kan kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi. Mo nù ún kúrò lójú ọmọ, mo sì ní kí onídìrí kọ orúkọ ilé mi sínú ìwé. Ó kọ ọ́.

Ti owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ ní alámòójútó tí ẹ fọkàn tán. Kí ó jẹ́ ènìyàn méjì ni yóò máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde ní báńkì, kí ẹ sì máa ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sétí gbogbo ìpàdé, ì báà jẹ́ igba náírà. Nígbà tí ìdìbò bá ń bọ̀, àpòòwé á dé. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ní kí ẹni tó mú un wá dìde ní ìpàdé, kó sọ ohun tó fẹ́ ká fi ṣe, ká já rìsíìtì fún un. Kò padà wá.

Ohun ìjà kan wà tí a kì í sábà lò. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn, ti 2011, fún ẹnikẹ́ni nínú yín lágbára láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba pé, ẹ fún wa ní èsì àyẹ̀wò omi yìí, ẹ fi ìwé àṣẹ tí ẹ fún ilé iṣẹ́ yìí hàn wá. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ẹ ò nílò lọ́yà kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ mọ̀. Àkọ́kọ́ tí a kọ, wọn ò dáhùn. Ìkejì, ènìyàn 43 ló fọwọ́ sí i, ìyá tí kò mọ̀wé tẹ àtàǹpàkò tirẹ̀. Wọ́n pè wá lọ́jọ́ kẹfà.

Mo ti dàgbà, orúnkún mi ò gbà mí láyè mọ́ láti máa gun òkè Adó kiri. Ọdún méjì méjì la fi ń ṣe aṣíwájú nínú ẹgbẹ́ wa, tèmi ti pé. Onídìrí tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n yàn. Àwọn kan ní kò kàwé tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, obìnrin tó ń jókòó sórí àpótí rẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ pọ̀ ju èyí tó ń wá bá nọ́ọ̀sì lọ, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń jókòó níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí èmi ò gbọ́ ní ọdún 31.

Ọmọ mi, dìde, máa bọ̀. Gba ìwé rẹ. Ojú ewé 14 ni a dé.

Sátidé tó ń bọ̀, agogo méje àárọ̀, ẹ̀yìn iléèwé tí wọ́n kó bátìrì lọ yẹn ni a ń lọ. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ má mú ọmọ kékeré dání. Ọmọkùnrin wa tó ń la bátìrì tẹ́lẹ̀ á wà níbẹ̀, òun ni yóò fi ibi tí wọ́n da nǹkan náà sí hàn wá. Bàbá tó ń mi orí láti àárọ̀ lọ́wọ́ iwájú níbẹ̀ yẹn, mo ti ń wò yín. Ẹ mọ ibi tí odò yẹn ń gbà tẹ́lẹ̀, àbí? A máa wá fi ọkọ̀ gbé yín.